Ọ̀gá Tó Fẹ́ Pààrọ̀ Maṣíìnì

Kò sí àdúgbò ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú tí ẹ ò ti ní í bá a pàdé. Ẹ kọjá lára àwọn tó ń gé káàdì ìgbéyàwó, ẹ kọjá lára àwọn tó ń di ìwé, ẹ ó bá a níbi tí wọ́n ti ń tẹ báńà àti sítíkà. Ó jókòó sórí àga oníke lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi ìka fẹ àwòrán ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá kan lójú fóònù. Bí ẹ bá kí i pé "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá," kò ní í jẹ́ kí ẹ parí ọ̀rọ̀ yín tí yóò fi béèrè pé: "Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé kí n ra Latex 360 ni, àbí kí n kúkú fò ó, kí n bọ́ sórí 700?"

Ẹni tó wá tẹ ìwé ètò ìsìnkú bàbá rẹ̀ ló ń bi o.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ti ń pè é ní Ọ̀gá Latex. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òpè. Ó ti wà nídìí iṣẹ́ pátákó láti ìgbà tó jẹ́ pé búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà ni wọ́n fi ń kọ orúkọ ilé ìtajà sára páànù, ó sì kọ́ kọ̀ǹpútà nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ fárí gá. Kìkì pé ó fẹ́ pààrọ̀ maṣíìnì ni, ó sì ti fẹ́ ẹ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí fífẹ́ náà fi di iṣẹ́ kejì fún un, èyí tí kò mú kọ́bọ̀ wọlé, tó sì ń gba àkókò ju èyí tí wọ́n fi ń jẹun nílé lọ.

HP Latex 260 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, tòkunbọ̀, tó fẹ̀ ní ínǹṣì 61. Nígbà tí irú rẹ̀ kọ́kọ́ dọ́jà, L26500 ni wọ́n ń pè é. Ìlú Òyìnbó ni tirẹ̀ ti wá. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ lò ó ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tí ẹ̀rọ náà ò lè pè mọ́ kó ní kí wọ́n wá mú òun.

Ètò ni wọ́n fi ń jí i láàárọ̀. Ọmọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ wo abẹ́rẹ́ ojú sítábíláísà bóyá iná dé ibi tó yẹ. Wọ́n á yọ fíríìjì, wọ́n á pa fáànù, nítorí ẹ̀rọ yìí kì í kàn da íǹkì sílẹ̀ kó máa lọ. Ooru ló fi ń gbẹ ẹ́, ooru náà sì ń jẹ iná. Wọ́n á tẹ ìlà wẹ́wẹ́ sórí àjákù sítíkà láti mọ̀ bóyá héèdì dí. Bí ìlà búlúù bá já láàárín, ọmọ iṣẹ́ á yọ héèdì, á fi aṣọ tí kì í tú òwú, tó fi omi dísítíìlì rin, rọra nu ìdí rẹ̀. Ọ̀gá á dúró tì í, á mí kanlẹ̀, á ní: "Ní ti 360, wàhálà yìí ò sí." Kété tí iṣẹ́ bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í dán mọ́rán, NEPA á mú iná. Sítíkà tó wà lábẹ́ híítà á ká kò bí ewé tí iná rà. Mítà kan àbọ̀ lọ nìyẹn, ọ̀gá á sì tún gbé fóònù.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó mọ̀ nípa ẹ̀rọ yìí ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà á lọ. Ìjàǹbá ibẹ̀ ni pé kò mọ ẹni tó yẹ kó sọ ọ́ fún. Ìyá ìkókó kan wọlé lọ́jọ́ kan, ó ní báńà ìkómọ lòun fẹ́, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ní mẹ́rin.

"Àǹtí, ṣé ẹ mọ̀ pé omi ni wọ́n fi po íǹkì latex?" Ọ̀gá ti dìde. "Ọdún 2008 ni HP kọ́kọ́ gbé e jáde níbi ìpàtẹ Drupa, ní Düsseldorf, ní Jámánì. L65500 ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà, ínǹṣì 104! Kó tó dé, sólfẹ́ńtì ni gbogbo wa ń fà símú. Ẹ tẹ sítíkà tán, ẹ ó gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí òórùn rẹ̀ tó jáde, kí ẹ tó lè lẹ ọ̀rá bò ó. Ti latex yìí, bó ṣe ń jáde ló ti gbẹ, ojú ẹsẹ̀ lẹ máa fi ọ̀rá bò ó. Ẹ lè gbé e kọ́ sí yàrá aláìsàn nílé ìwòsàn, kò ní í rùn sí ẹnikẹ́ni."

"Ẹ ṣé sà. Sátidé ni ìkómọ náà."

Òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ. Àmọ́ nígbà tí obìnrin náà sanwó tó lọ, fíláàṣì tí àwòrán ọmọ wà nínú rẹ̀ ni ọ̀gá fún ọmọ iṣẹ́, ó ní kó sáré gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì, níbi tí maṣíìnì sólfẹ́ńtì tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà wà, èyí tó fẹ̀ ní mítà 3.2, tó ń rùn, tó sì ń tẹ fílẹ́ẹ̀sì olówó pọ́ọ́kú látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ Ọ̀gá Latex ń lọ. Oníbàárà rẹ̀ ò béèrè òórùn, iye owó ni wọ́n ń béèrè.

Ọ̀rọ̀ owó yìí ló dùn jù lẹ́nu rẹ̀. Ní 2014 tí HP kó ìran tuntun jáde, 310 tó jẹ́ ínǹṣì 54, 330 àti 360 tí wọ́n jẹ́ ínǹṣì 64, tí íǹkì wọn sì ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní optimizer tó ń mú kí àwọ̀ dúró síbi tí wọ́n fi í sí, ọ̀gá ka gbogbo rẹ̀ tán. Dọ́là kan kò ju nǹkan bíi 160 náírà lọ ní báńkì nígbà yẹn. Ó ní ó wọ́n. Ó ní ká jẹ́ kí ìbò 2015 kọjá ná. Náírà já ní 2016, ó ní dọ́là ò ní í pẹ́ wálẹ̀. Kòrónà dé ní 2020, a ò lè bá a wí síyẹn. Ní oṣù kẹfà 2023 ìjọba tú náírà sílẹ̀ sọ́jà, nígbà tó sì fi di 2024 dọ́là kan ti kọjá 1,500. Ẹ̀rọ tó pè ní ọ̀wọ́n wá di ohun tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ lọ́gbọ́n: "Ká ní mo ti rà á nígbà yẹn ni!" Bó ṣe ń sọ ọ́, ẹ ó rò pé ẹlòmíì ló dì í lọ́wọ́ mú.

Ìdí mìíràn tún wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Íǹkì 792 ni 260 ń lò. 360 ò gbà á, 831 ni tirẹ̀. Ọ̀gá sì ní páálí 792 nílẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n lo èyí tán ná." Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, bí kì í bá ṣe pé bí íǹkì bá ti ń lọ sí òpin, tí ẹni tó ń tà á bá ní òun ti yọ owó díẹ̀ lórí rẹ̀, ọ̀gá á tún kó mẹ́ta sí i. Ọjọ́ tí àwọn àtijọ́ máa bàjẹ́ ti ń sún mọ́ lẹ́yìn páálí wọn. Kò sẹ́ni tó ń ka ẹ̀yìn páálí.

Ìṣirò tó lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí ò ju iṣẹ́ ọ̀sán kan lọ. Ìwé iṣẹ́ wà lórí tábìlì: mítà mélòó ni sítíkà tí wọ́n tẹ̀ lóṣù tó kọjá, mélòó ló bàjẹ́, iṣẹ́ mélòó ni wọ́n dá padà nítorí pé maṣíìnì ò lè ṣe é? Báńà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ní mẹ́rin, nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin mẹ́ta ni, iṣẹ́ sólfẹ́ńtì sì ni. Ẹ tún wo ti iná. Nígbà tí wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A dé 225 náírà fún kílówáàtì kan ní wákàtí kan ní oṣù kẹrin 2024, maṣíìnì tó ń fa kílówáàtì mẹ́rin ń jẹ 900 náírà ní wákàtí kan, ká má tíì sọ ti jẹnẹrétọ̀ látìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní 2023. Bí iṣẹ́ ò bá sí lórí rẹ̀, tuntun ò sàn ju tòkunbọ̀ lọ, àfi ti ẹwà. Ibi tí latex tuntun ti ń pa owó wọlé hàn gbangba: ọkọ̀ ilé iṣẹ́ tí wọ́n fi sítíkà bò látòkè délẹ̀, ìwé ara ògiri, gíláàsì ọ́fíìsì tó nílò íǹkì funfun, èyí tí 700W àti 800W tí wọ́n jáde ní 2021 ń lò. Àwọn tó ń san irú owó bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Victoria Island, afárá Third Mainland ni ẹ ó gùn. Ọ̀gá Latex ò tíì gùn ún lọ béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó mọ iye ìwọ̀n ooru tí 700 fi ń gbẹ íǹkì, kò mọ orúkọ oníbàárà kan ṣoṣo tó máa lò ó fún.

Àwọn olùdámọ̀ràn rẹ̀ ńkọ́? Ẹ́ńjìnnía tó ń tún 260 ṣe máa ń ní, "Ọ̀gá, ẹ̀rọ yín ṣì lágbára dáadáa," bó bá ti gbowó iṣẹ́ tán. Ẹni tó ń ta tuntun ń pè é ní Alága: "Alága, ẹyọ méjì péré ló kù." Ẹyọ méjì náà ti kù láti ọdún mẹ́ta. Wòlíì ní kó dúró kí oṣù kan kọjá, kò sì dárúkọ oṣù. Ìmọ̀ràn yẹn ni ọ̀gá fẹ́ràn jù. Ìyàwó rẹ̀ ò dá sí i, ó kàn ní, "Dádì, ilé ìwé tún ti ránṣẹ́ o."

Báyìí ni nǹkan wà títí di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan tí ọkọ̀ akẹ́rù dúró ní ṣọ́ọ̀bù òdìkejì. Wọ́n já DTF kalẹ̀, ẹ̀rọ tó ń tẹ àwòrán sórí ọ̀rá, tí wọ́n ń da páúdà lẹ́mọ́lẹ́mọ́ sí, tí wọ́n á wá fi ooru tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀wù. Àwọn èèyàn pé jọ. Ẹnì kan ya fídíò. Ọ̀gá Latex dìde lórí àga, ó wò ó, ó wọlé, ó jáde, kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kankan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti fi owó ránṣẹ́ láti ra tirẹ̀, oníhéèdì méjì, pẹ̀lú èyí tó ń gbọn páúdà.

Ẹ̀rọ náà dé ní Mọ́ńdè. Kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé, wọ́n ní láti pe bíríkìlà kó wá bá wọn fẹ ilẹ̀kùn. Wọ́n ti 260 sí kọ̀rọ̀, níbi tí wáyà sítábíláísà ò dé. Ọmọ iṣẹ́ tó dàgbà jù nínú wọn di páálí kan mú, ó yọjú sí ọ̀gá rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, àwa kì í tẹ aṣọ. Ta ló máa gbé iṣẹ́ ẹ̀ wá?"

"Rọra o, má fi ibẹ̀ yẹn gbá ògiri. Ẹ jẹ́ ká tò ó ná."