Oṣù Ló Ń Ṣíwájú Lọ́dọ̀ Wọn

Ẹ sún mọ́ mi jàre, Ìyá Ìbejì wà lẹ́yìn ilé, wọ́n ń já ẹ̀fọ́. Ewúrẹ́ tí gbogbo wa jẹ níjọ́sí, ẹ mọ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ pa á? Ọmọ wọn tó wà ní Houston ló kọ ọ́ sórí WhatsApp pé òun ń bọ̀ ní 07/06. Ni màmá bá gbé ọbẹ̀ kaná ní ọjọ́ keje oṣù kẹfà. Wọ́n dé pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, wọ́n dúró títí, wọn ò rẹ́ni. Ará Amẹ́ríkà, oṣù ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ! Ọjọ́ kẹfà oṣù keje lọmọ ń wí. Ẹ má ní èmi ni mo sọ ọ́ o.

Àbúrò onílé tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló là á yé mi, èyí tí kò tíì mú ìyàwó wálé yẹn. Ó ní tí Excel bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, téèyàn wá tẹ 13/06/2024 sí i, kò ní rí oṣù kẹtàlá, á kà á sí ọ̀rọ̀ lásán, á tì í sápá òsì. Ìyẹn sàn, ojú á rí i. Ṣùgbọ́n 07/06/2024 á jókòó sápá ọ̀tún bí ọmọlúàbí, oṣù á sì ti yí. Ìyẹn nìkan kọ́! Jíìnì kan wà lára èèyàn tó ń jẹ́ MARCH1. Excel ń sọ ọ́ di ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, títí ìgbìmọ̀ tó ń sọ jíìnì lórúkọ fi sọ ọ́ di MARCHF1 ní 2020. Ẹ̀rọ ń gba orúkọ lọ́wọ́ olórúkọ!

Orúkọ oṣù tiwa náà wà nínú ẹ̀rọ. Unicode, àjọ tó ń ṣètò bí ẹ̀rọ ṣe ń kọ èdè, ti kó Ṣẹ́rẹ́, Èrèlè àti Ẹrẹ̀nà sínú CLDR, àkójọ wọn. Yorùbá Bẹ̀nẹ̀ ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, Shɛ́rɛ́. Kí ẹ̀rọ kọ ọ́ síta kò le. Kó ka ohun tí èèyàn tẹ̀ ni wàhálà: tẹ́ ẹ bá tẹ "Sere" láìfàmì sí i, ó lè ní òun ò mọ̀ ọ́n rí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ní ọdún lòun máa ń kọ ṣíwájú, 2024-07-06, pé ìlànà ISO 8601 nìyẹn láti 1988. Mo ní ọdún wo ló wá kọ ìgbéyàwó sí? Ó bá tẹ fóònù mọ́tí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ lókè òkun, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n máa kọ orúkọ oṣù jáde ní lẹ́tà.