Aago Mi àti Aago Gbogbo Ayé

Ní Akaka Rẹ́mọ, ẹni tó bá fẹ́ tètè jí kò níláti náwó. Àkùkọ ń bẹ, ládàánì ń bẹ, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń bẹ, ìyàwó ilé náà sì ń bẹ tí kò ní í jẹ́ kí èèyàn sùn kọjá ààlà. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Èmi nìkan ni mo ní nǹkan kù. Mo ní mo fẹ́ rédíò kékeré alaago, èyí tí yóò wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí yóò máa fi orin àti ìròyìn jí mi láàárọ̀. Kì í sì í ṣe rédíò ṣákálá o. Ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní láárí.

Ìyàwó mi ní, “Bàbá Ìbejì, ṣé fóònù yín kò ní aago nínú ni?”

Mo ní fóònù kì í ṣe nǹkan tí àgbàlagbà ń gbé wọ yàrá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ ọ́ di òfin: pálọ̀ ni fóònù mi ń sùn.

Ọmọ Rẹ́mọ ni mí, ọ̀rọ̀ rédíò sì máa ń gùn mí. Ta ni kò mọ̀ pé ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ni olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn nígbà tí tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹwàá, ọdún 1959? Láti ọ̀dọ̀ wa sí Ìkẹ́nnẹ́ kò sì jìnnà. Èmi wá sọ àìjìnnà yẹn di ìmọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ rédíò níwájú mi, àlàyé ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Òṣùwọ̀n tí mo fi ń yẹ rédíò wò ni agídìgbo. Ẹ gbé àwo àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, sí i. Ohùn bàbá náà wà lókè, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlù ń fọhùn láàárín. Nísàlẹ̀ pátápátá ni agídìgbo jókòó sí, òun ni gbogbo orin náà fẹ̀yìn tì. Rédíò tí sìpíkà rẹ̀ kò ju ìdérí ìgò lọ, tí ara rẹ̀ sì jẹ́ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò lè gbé ohùn yẹn. Ohùn ìsàlẹ̀ ń fẹ́ kí sìpíkà ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń fẹ́ àpótí tí ara rẹ̀ le tí kì í gbọ̀n. Nínú rédíò yẹpẹrẹ, Hárúnà yóò máa kọrin lọ, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yóò máa ta yín létí, agídìgbo yóò ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Pẹ̀lú ìmọ̀ yìí ni mo gba Ṣágámù lọ. Láti Sábó títí dé ọjà Awólọ́wọ̀, bí mo bá ti rí ṣọ́ọ̀bù rédíò, mo ti wọlé. Mo ń sọ fún wọn pé ní Amẹ́ríkà, Bose gbé Wave Radio jáde ní 1993, pé ọgbọ́n inú rẹ̀ ni ihò gígùn tí wọ́n ká sínú àpótí kékeré kí ohùn ìsàlẹ̀ lè rí ọ̀nà jáde. Àwọn ọmọ ọjà ń wò mí. Rédíò tó wà lórí àtẹ wọn ní tọ́ọ̀ṣì, ó ní sólà, ó ní ihò mẹ́mórì, ó ní ibi tí wọ́n ti ń cháàjì fóònù. Mo ní kí wọ́n wá ibi tí wọ́n ti ń kọ àpàlà fún mi. Wọ́n yí i dé Abẹ́òkúta, dé Ìbàdàn, dé Èkó. Níbi tí a bá ti rí àpàlà, màá fi etí mọ́ sìpíkà, màá mi orí, màá ní kí wọ́n gbé òmíràn wá. Ọ̀kan nínú wọn fara dà á títí, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé rédíò lẹ fẹ́ rà ni àbí Hárúnà?”

Nílé àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ ni mo ti rí ohun tí mo ń wá. Àpótí igi aláwọ̀ obì, kò gùn ju ìwé lọ, ṣùgbọ́n ó wúwo lọ́wọ́. Aṣọ ni wọ́n fi bo ojú sìpíkà rẹ̀, nọ́ńbà pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bọ́tìnnì ńlá kan wà lórí rẹ̀ tí wọ́n máa ń tẹ̀ bí oorun kò bá tíì dá lójú ẹni. Mo gbá a ní ìka, kò gbọ̀n. Orí mi wú.

Ọmọkùnrin tó ń tà á ní, “Bàbá, ti Amẹ́ríkà nìyí o. Bí ẹ bá kì í bọ iná wa báyìí, èéfín lẹ máa rí.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo da rédíò náà dé, mo sì nawọ́ sí bébà fàdákà tó wà nídìí rẹ̀. “Ọmọ mi, wò ó níbí: 120V. Iná tiwa, 230 ni. Gbé step-down wá.” Ẹnu ya ọmọ náà, ara mi sì yá gágá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ 120V yẹn, wọ́n kọ 60Hz. Mo rí i. Mo tilẹ̀ kà á sókè, kí ó lè mọ̀ pé mo mọ̀wé.

Ó ní, “Bàbá, aago inú ẹ̀ wá ńkọ́...”

Mo ní kó dákẹ́, kó máa bá mi ká wáyà.

Ẹ̀yin ará, ohùn rédíò yìí dára! Alẹ́ ọjọ́ tí mo gbé e délé, agídìgbo dún, síbí inú kọ́ọ̀bù orí àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ìyàwó mi pàápàá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ orin náà dópin. Ó ní ó dùn. Lẹ́yìn náà ló béèrè iye tí mo rà á, ohùn rédíò náà kò sì jẹ́ kí n gbọ́ ìbéèrè ọ̀hún.

Bí ọ̀ràn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹbí wa ń lọ ṣe ìdána ní Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé. Èmi ni àgbà, lọ́dọ̀ mi ni lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó wà. Nínú ìpàdé, mo dìde, mo bá wọn wí gidigidi lórí àìbọ̀wọ̀ fún àkókò. Mo ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ géérégé ni bọ́ọ̀sì yóò ṣí. Ẹni tó bá pẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, ẹ má pe fóònù ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ọba. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ìyàwó mi ti ṣáájú lọ sí Ìbàdàn láti bá wọn dáná. Èmi nìkan ni mo kù nílé lọ́jọ́ Jímọ̀ náà. Mo yí aago rédíò sí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó bá ti fóònù mu rẹ́gí. Mo ní kí ó jí mi ní aago márùn-ún. Mo gbé fóònù lọ sí pálọ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo sùn. Iná tí kì í dúró, ó dúró lóru ọjọ́ náà láti alẹ́ dé àárọ̀, mo sì pè é ní ojúrere Ọlọ́run.

Orin ló jí mi. Nọ́ńbà pupa ní 5:00. Ìmọ́lẹ̀ ń yọ́ wọlé létí kọ́tìnnì, mo ní aládùúgbò mi ni kò pa gílóòbù ìta rẹ̀. Àkùkọ kọ̀ọ̀kan ṣì ń kọ, mo ní wọ́n gbìyànjú. Mo wẹ̀, mo wọ búbá, mo wọ ṣòkòtò, mo gbé agbádá lé e. Mo ń gẹ fìlà lọ́wọ́ nígbà tí olóòtú orí rédíò kéde pé aago méje ti lù.

Mo wo aago mi. 5:20.

Mo ṣàánú ọmọ náà. Mo ní ó dájú pé oorun ń kùn ún, ọ̀gá rẹ̀ yóò bá a wí. Mo tilẹ̀ dá a lóhùn sókè pé, “Aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú ni, jọ̀wọ́.” Inú àpótí kan náà ni àwa méjèèjì ti rí aago wa: òun ń fi ohùn sọ tirẹ̀, èmi ń fi ojú ka tèmi. Èmi ni mo gbà pé mo jàre. Mo wá po tíì, mo jẹ búrẹ́dì, mo jókòó jẹ́jẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí àkókò ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn, oòrùn gbá mi lójú. Ìyá alákàrà iwájú ilé wa ti tà tán, ó ń fi kànìnkànìn bó abọ́ ìdín-àkàrà rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi. “Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé ẹ ò lọ sí Ìbàdàn mọ́ ni? Wọ́n ti lọ tipẹ́. Aago mẹ́fà géérégé ni wọ́n ṣí.”

Nínú gbogbo ìtàn ẹbí wa, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí bọ́ọ̀sì yóò ṣí lákòókò. Wọn kò kan ilẹ̀kùn mi. Wọn kò pè mí. Mo gbọ́ nígbà tó yá pé nígbà tí wọ́n kọjá níwájú ilé mi, ṣe ni wọ́n rọra lọ kí wọ́n má bàa rú òfin mi.

Mo wọ mọ́tò lójú ọ̀nà Ìṣarà tagbádá-tagbádá, láàárín àpò gààrí méjì. A ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí òpópónà Èkó sí Ìbàdàn ni àbúrò mi pè. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oorun o. Lẹ́tà yẹn ńkọ́?” Ó wà nínú àpò agbádá mi. Ìyàwó wà nílé, ọkọ ti dé, ẹbí méjèèjì ti jókòó, èmi ni wọ́n ń dúró dè. Nígbà tí mo wọlé, alága ìjókòó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gba máìkì, ó ní, “Bàbá, aago ìlú wo lẹ ń lò ní Akaka?” Ó ní kí n dọ̀bálẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n san owó ìpẹ́, mo san án. Ó ní kí n san ti fìlà tí mo gẹ̀ kí n tó pẹ́, mo tún san án. Ìyàwó mi jókòó lọ́wọ́ iwájú, ó ń wo òkè àjà.

Mo gbé rédíò náà lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń tún wọn ṣe ní Ìṣarà, mo ní aago rẹ̀ ti bàjẹ́. Kò tú u. Ó kàn da á dé ni, ó sì fi ìka lé 60Hz.

Ó ní, “Bàbá, kò bàjẹ́ o. Iná ló ń kà. Ní Amẹ́ríkà, iná ń lọ, ó ń bọ̀ nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tiwa jẹ́ 50, bí ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ń ka obì sí apẹ̀rẹ̀ ni aago yìí: wọ́n ní bí obì bá pé 60 ni apẹ̀rẹ̀ kún, ẹ̀yin wá ń gbé 50 wá fún un. Yóò dúró de mẹ́wàá tó kù ni. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ń pàdánù nínú wákàtí kan. Láti mẹ́sàn-án alẹ́ dé márùn-ún àárọ̀, wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ti lọ. Step-down ń dín agbára iná kù ni, kò lè sọ 50 di 60.”

Mo bi í pé jẹnẹrétọ̀ wá ńkọ́. Ó ní ìyẹn tún burú: bí ẹrù rẹ̀ bá fúyẹ́, á sáré, bí mo bá tan fíríìjì, á fà sẹ́yìn, aago yóò sì máa bá a sáré, yóò máa bá a fà. Bí iná bá lọ pátápátá, bátìrì kékeré inú rẹ̀ ní ìkà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìyẹn ni pé nínú yàrá kan ṣoṣo, aago iná wà, aago jẹnẹrétọ̀ wà, aago bátìrì sì wà, èmi àgbà ẹbí sì wà láàárín wọn.

Mo wá ohun tí mo máa fi gbèjà ara mi, mo sì rí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, ìjà Sérbíà àti Kósófò lórí ọ̀rọ̀ iná jẹ́ kí iná ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù rẹlẹ̀ díẹ̀ sí 50, aago orí sítóòfù àti ti rédíò wọn sì fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà sẹ́yìn. Ní Japan, ìlà oòrùn ń lo 50, ìwọ̀ oòrùn ń lo 60, nítorí pé Tokyo ra ẹ̀rọ Jámánì láyé ijọ́un, Osaka sì ra ti Amẹ́ríkà. Mo kó gbogbo èyí lọ bá ìyàwó mi. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, “Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni tiwọn. Ẹ̀yin ńkọ́?”

Ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀, kó yẹ ìdí rẹ̀ wò, kó sì kà á dé òpin. Bí ó bá kọ 50/60Hz, tàbí tí súwíìṣì tí a fi ń yàn wọ́n bá wà níbẹ̀, ẹ gbé e. Èyí tó ní òkúta quartz tirẹ̀ tún dára jù: òkúta náà ń gbọ̀n nígbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì bìkítà ibi tí iná ti wá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó wá agídìgbo.

Ọmọkùnrin yẹn bá mi tún tèmi ṣe. Nínú aago náà, ẹsẹ̀ kan wà tí wọ́n fi ń sọ fún un bóyá 50 ni kó kà tàbí 60. Ó jó wáyà tín-ín-rín kan mọ́ ọn, ó parí. Owó tó gbà kò tó ìdámẹ́wàá ohun tí alága ìjókòó gbà lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ náà, bí iná bá wà, ó ń lọ déédéé.

Ẹbí wa ṣe ìpàdé lẹ́yìn ìgbéyàwó náà. Wọ́n fi ìpàdé tó ń bọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àbúrò mi nawọ́ sókè, ó ní òun ní ìbéèrè: “Ṣé aago gbogbo ayé ni, àbí ti Ẹ̀gbọ́n?” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Akọ̀wé, ọmọ tí èmi fúnra mi kọ́ ní ìwé kíkọ, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó tẹrí, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, ó sì ní kí n fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí alága: “Aago mẹ́rin, ti gbogbo ayé.” Mo fọwọ́ sí i.