Ọmọ Kan Ló Bá Mi Ṣí I

Ṣíṣí ímeèlì sórí fóònù kò ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bí a bá tan fóònù Android tuntun, yóò béèrè èdè tí a fẹ́, yóò béèrè Wi-Fi tàbí dátà, lẹ́yìn náà ni yóò béèrè bóyá a ti ní àkáǹtì Google tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ní in yóò tẹ àdírẹ́sì àti páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Ẹni tí kò ní yóò tẹ orúkọ, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì tó bá wù ú, páásíwọ́ọ̀dù tí kò gbọdọ̀ dín ní lẹ́tà tàbí nọ́ńbà 8, àti nọ́ńbà fóònù tí Google yóò fi kóòdù ránṣẹ́ sí. Ọmọ ọdún 13 lè dá a ṣe. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó kàwé gboyè, ó ní òṣìṣẹ́ lábẹ́, kò sì tíì dá a ṣe rí láyé rẹ̀.

A lè pè é ní Bámiṣíi. Kò sí àdúgbò tí kò sí. Ó lè jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ó lè jẹ́ alága ẹgbẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́sáláṣí, ó lè jẹ́ ìyá aláṣọ tó ń ti Kòtònù kó lésì wọlé. Kì í ṣe òpè, kókó ọ̀rọ̀ sì nìyẹn. Ìyá arúgbó tí kò mọ̀wé kò sí nínú ọ̀ràn yìí. Ẹni tó bá a ṣí tirẹ̀ gba àdúrà. Bámiṣíi mọ iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là láàárọ̀ yìí. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi owó ránṣẹ́ lórí áàpù báǹkì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti fi fídíò àdúrà kan náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp méjìlá. Ìgbà tó bá kan ímeèlì nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ ń rọ.

Ibi tí a ti ń rí i dáadáa ni òpópónà Ọ̀tígbà, ní Computer Village tó wà ní Ìkẹjà, níbi tí àwọn ọmọkùnrin ti ń jókòó sábẹ́ agboòrùn pẹ̀lú tábìlì kékeré àti wáyà bíi méje. Bámiṣíi á san owó fóònù, á sì na fóònù náà sí ọ̀kan nínú wọn, ọ̀rá ṣì wà lójú rẹ̀.

"Bá mi ṣí gbogbo nǹkan sí i."

"Ọ̀gá, ẹ ní Gmail tẹ́lẹ̀?"

Bámiṣíi á wò ó bí ẹni tí wọ́n bi léèrè ọjọ́ tí ewúrẹ́ bàbá bàbá rẹ̀ bímọ. "Ṣáà ṣí i."

Ọmọ náà kì í ṣe ènìyàn búburú, àmọ́ ẹni márùn-ún ló ń dúró lẹ́yìn èyí. Orúkọ tó bá gbọ́ ló ń tẹ̀: Adébáyọ̀ di Adebayor, bíi ti agbábọ́ọ̀lù Tógò nì. Kò béèrè ọjọ́ ìbí; ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1990 ló ń fún gbogbo oníbàárà, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ bàbá olórí funfun fi ń gba ìkíni ọjọ́ ìbí lọ́dọ̀ Google nígbà tí gbogbo ayé ń kí ara wọn kú ọdún tuntun. Àdírẹ́sì tó kọ́kọ́ tẹ̀, ẹlòmíràn ti gbà á, ó fi nọ́ńbà mẹ́rin tó bá rí lọ́kàn rẹ̀ sí i nídìí. Ó ní páásíwọ́ọ̀dù kan tó ń lò fún gbogbo ẹni tó bá ti wá sábẹ́ agboòrùn yẹn láti ọdún tó kọjá. Nígbà tí wọ́n sì béèrè nọ́ńbà tí kóòdù yóò wá sí, síìmù Bámiṣíi ṣì wà nínú fóònù àtijọ́, ọmọ náà tẹ nọ́ńbà ti ara rẹ̀. Kóòdù dé, ó tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ parí. Ní gbogbo àsìkò yìí, Bámiṣíi ń jẹ Gálà, ó sì ń ṣàlàyé fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ìjọba ṣe ba ilẹ̀ yìí jẹ́. Kò wo ojú fóònù náà lẹ́ẹ̀kan.

Ọkùnrin yìí kan náà ni kí a bá lọ sídìí ẹ̀rọ ATM. Ọwọ́ méjèèjì ló fi ń bo ibi tó ti ń tẹ nọ́ńbà mẹ́rin, ó yí ẹ̀yìn bí adìẹ tó sàba lé ẹyin, ó sì ti pàṣẹ fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pé kó sún sẹ́yìn díẹ̀. Kò sọ BVN rẹ̀ fún ìyàwó. Kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ lóru. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Ímeèlì ni áàpù báǹkì ń fi ìwé ìṣirò owó ránṣẹ́ sí, òun ni Facebook ń lò láti mọ ẹni tó ni ojú-ewé, òun sì ni ibi tí a ti ń pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù ibi tó kù bí a bá gbàgbé. Ẹni tó bá di ímeèlì ènìyàn mú ti wà ní ẹnu ọ̀nà púpọ̀ nínú ilé rẹ̀. Bámiṣíi kó gbogbo èyí fún ẹni tí kò béèrè orúkọ rẹ̀, ó sì fún un ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lé e lórí.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn èyí, ẹnì kan á béèrè páásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ òṣìṣẹ́ báǹkì, ó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀, ó lè jẹ́ ẹni tó ń bá a kọ fọ́ọ̀mù físà. Nígbà náà ni gbólóhùn rẹ̀ yóò jáde: "Ọmọ kan ló bá mi ṣí i."

Gbólóhùn yìí yẹ ní títú palẹ̀, nítorí ẹni tó kọ́kọ́ hun ún kò fi ihò kankan sílẹ̀ tí ẹ̀bi lè gbà wọlé. "Ọmọ kan": ọmọ náà kò ní orúkọ, kò ní ojú, kò sẹ́ni tó lè pè é wá jẹ́rìí. Kì í ṣe ọmọ Bámiṣíi, kì í ṣe ọmọ àbúrò rẹ̀. Ọmọ kan ṣáá ni, bí èyí tó máa ń wà nínú àlọ́. "Ló": inú ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni gbogbo ọgbọ́n náà wà. Bó bá ní "ọmọ kan bá mi ṣí i", ìròyìn lásán nìyẹn; "ọmọ kan ló" ń na ìka sí ẹlòmíràn, kí ẹni tó ń dájọ́ lè mọ ibi tí yóò kọjú sí. "Bá mi": oore ni wọ́n ṣe fún un, ta ló sì ń bá ẹni tí wọ́n ṣe lóore wí? "Ṣí i": wọ́n ṣí i. Kò sẹ́ni tó sọ pé wọ́n tì í. Bó bá wá di títì báyìí, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọmọ kan ló bá a tì í.

Bí a bá tẹ̀síwájú láti bi í, kò ní dákẹ́. Ọmọ náà ńkọ́? Ó ti kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní ó ti lọ sí Kánádà. Ṣé kò kọ páásíwọ́ọ̀dù náà fún yín ni? Ó kọ ọ́ o, ó kọ ọ́ sínú bébà kan. Bébà náà dà? Ó wà nínú páálí fóònù. Páálí náà dà? Ọmọ kan ló bá òun kó o dànù.

Irọ́ ni pé kò mọ̀ ọ́n ṣe. Kò fẹ́ mọ̀ ọ́n ni. Lójú rẹ̀, iṣẹ́ ọmọdé ni, bí ìgbà tí a bá rán ọmọ lọ ra káún. Ṣùgbọ́n àgbà tó rán ọmọ lọ ra káún mọ ohun tí káún jẹ́, ó sì mọ ìgbà tí wọ́n bá fi yangí rọ́pò rẹ̀.

Ìyà ọ̀rọ̀ yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ Bámiṣíi fúnra rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB, wọ́n ní kó mú ímeèlì wá tí wọn yóò so mọ́ orúkọ rẹ̀, bàbá ní kó lo tòun. Ímeèlì náà ni ọmọ fi ń wọlé láti mọ̀ bóyá yunifásítì ti gbà á, òun ló sì gbọ́dọ̀ fi wọlé kó tó lè tẹ ìwé ìgbaniwọlé jáde. Ọmọ ọdún 17 wá dúró ní káfé, ó ń wo ibi tí wọ́n ti ní kó tẹ páásíwọ́ọ̀dù tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nínú ìdílé rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì ń pariwo lórí fóònù pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í fara balẹ̀. Kò sí orúkọ rere tí a lè fún irú ìwà báyìí.

Fóònù Bámiṣíi mọ orúkọ tó bá a mu. Láti ìgbà Android 5.1, tó jáde ní ọdún 2015, bí wọ́n bá fi bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ fóònù fọ́máàtì rẹ̀, yóò ní kí ẹni tó mú un lọ́wọ́ kọ́kọ́ tẹ àkáǹtì Google tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Torí olè ni wọ́n ṣe ṣe é. Bámiṣíi gbàgbé nọ́ńbà tó fi ń ṣí ojú fóònù, ọmọ mìíràn bá a fọ́máàtì rẹ̀, fóònù tó fi owó ara rẹ̀ rà sì bẹ̀rẹ̀ sí wò ó bí ẹni tó gbé e sá. Rìsíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi han fóònù. Ó tún padà sábẹ́ agboòrùn, ó san owó báípáàsì kí wọ́n lè fo ìdènà náà, owó tó fi ìlọ́po mẹ́wàá ju ti ṣíṣí lọ.

Kóòdù kò lè gbà á sílẹ̀, nítorí nọ́ńbà ọmọ tó kúrò níbẹ̀ ló ń lọ bá. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà Bámiṣíi ni, ó ṣeé ṣe kí línì náà ti kú látìgbà tí ìjọba ti ní kí gbogbo ènìyàn so NIN mọ́ línì wọn ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, tí òun ń sọ pé òun ń bọ̀, òun ń bọ̀. Àwọn Bámiṣíi kan ní ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù tó bá wọn ṣí i nígbà tó wá sílé fún ọdún, nọ́ńbà ìlú òyìnbó ló sì fi sí i. Ìyá dúró níwájú òṣìṣẹ́ báǹkì ní Ìbàdàn, kóòdù ń wọlé sínú fóònù tó wà nínú lọ́kà, ọmọ wà lẹ́nu iṣẹ́ níbi tó ti ń wẹ àwọn arúgbó.

Bámiṣíi tó ní ilé-iṣẹ́ kò gbà ju ìlà díẹ̀ lọ. Ó sanwó fún àdírẹ́sì tó ń jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà, èyí tó ń fẹ́ orúkọ sáfà, IMAP tó ń gba lẹ́tà wọlé ní 993 àti SMTP tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní 587 tàbí 465 kó tó wọ orí fóònù. Ọmọ abẹ́ agboòrùn kò mọ ìyẹn. Nítorí náà, àdírẹ́sì Yahoo ló wà lórí káàdì tó ń pín fún àwọn oníbàárà, èyí tí ọmọ mìíràn bá a ṣí kí orúkọ Yahoo tó di orúkọ iṣẹ́ tí ọlọ́pàá ń tìtorí rẹ̀ dá mọ́tò dúró. Kò rí inú rẹ̀ láti ọdún tí wọ́n ṣí i. Àwọn oníbàárà ṣì ń kọ̀wé síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni fóònù tuntun ṣe ń mú ímeèlì tuntun wá. Ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á yóò rí i pé Bámiṣíi kan lè ní márùn-ún, mẹ́fà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè 15 gígábáìtì tí Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì ní kọ́kọ́rọ́ ọ̀kankan. Nọ́ńbà àwọn ènìyàn rẹ̀ wà nínú èkíní. Ìwé ilẹ̀ tí lọ́yà fi ránṣẹ́ wà nínú èkejì. Inú ẹ̀kẹta ni àwòrán ìsìnkú ìyá rẹ̀ wà, gbogbo rẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n gbé òkú kúrò ní mọ́ṣúárì títí dé ibi tí wọ́n ti ń ná owó fún onílù. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2023, Google ti bẹ̀rẹ̀ sí pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò bá wọ̀ fún ọdún 2 rẹ́, tòun ti ohun tó wà nínú rẹ̀.