Bí O Ṣe Máa Gbé Ìrìn-àjò Rẹ Dé Mahuta

O ti lọ, o ti bọ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko lo lò ní Chicago lọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, o sì ti padà dé Kàdúná pẹ̀lú kóòtù onírun kan tí ooru Mahuta, àdúgbò yín, kò ní jẹ́ kí o wọ̀ láéláé. Ohun kan ló kù: kí o ròyìn fún ẹgbẹ́ yín, ẹgbẹ́ tó ń sin ìlú, tí báàjì rẹ̀ kì í kúrò láyà rẹ, títí kan ọjọ́ tí o bá lọ gẹ irun. Iṣẹ́ ńlá ni. Ọ̀pọ̀ ló ti dáwọ́ lé e láìní olùkọ́, wọ́n sọ tiwọn tán láàárín ogún ìṣẹ́jú, àwọn ará ẹgbẹ́ sì tún ráyè lọ ṣiṣẹ́. Kí irú àbùkù bẹ́ẹ̀ má baà bá ọ, máa tẹ̀ lé mi kálọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Mú ọjọ́ tó dára

Ọjọ́ tó dára jù ni ọjọ́ tí ẹgbẹ́ ti dá láti fi tún ẹ̀rọ omi ṣe. Ẹ̀rọ afọwọ́fà tí ẹ gbẹ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ni mò ń wí, èyí tí ẹ fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ alága ìgbà náà sí lára. Bóòtì tó so ọwọ́ ẹ̀rọ náà mọ́ ara rẹ̀ ti já bọ́ láti ìgbà ọyẹ́. Bóòtì kan àti nọ́ọ̀tì kan ni. Owó wọn kò tó owó súyà tí alága máa jẹ lálẹ́ òní. Ìdí abájọ gan-an nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni kánjú. Ohun tí owó rẹ̀ bá kéré tó báyìí, ta ni a fẹ́ pè wá ṣí i? Kọ̀wé sí akọ̀wé pé kí ó sún àtúnṣe náà síwájú, kí ó sì fi àbọ̀ ìrìn-àjò rẹ rọ́pò rẹ̀.

Bí ẹnìkan bá ń kùn, bi í pé ṣé kò gbọ́ Hausa ni. Huta ni kí èèyàn sinmi, mahuta sì ni ibi ìsinmi. Ẹ̀rọ náà mọ ibi tó wà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Wá ìtàn tì í lẹ́yìn

Inú rẹ ní láti dùn pé Chicago lọmọ rẹ ń gbé, torí ìlú yẹn ni Rótárì, ẹgbẹ́ yín, ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 1905, agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Paul Harris àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta jókòó ìpàdé ní yàrá 711, nínú ilé kan tí wọ́n ń pè ní Unity Building. Lẹ́yìn náà wọ́n ń gbé ìpàdé láti ọ́fíìsì ẹnìkan dé ti ẹlòmíràn. Yíyí tí ìpàdé ń yí kiri yìí ló di orúkọ ẹgbẹ́. Olú ilé iṣẹ́ wọn lónìí wà ní Evanston, ìlú tó fara ti Chicago níhà àríwá, wọ́n sì tún yàrá 711 náà tò síbẹ̀ bí ó ṣe rí láyé ọjọ́un. Mo gbà pé o ti débẹ̀, o ti yàwòrán níbẹ̀. Àwòrán mélòó? Mẹ́rìndínláàádọ́ta kò pọ̀ jù fún yàrá kan.

Ibi tí mo fẹ́ kí o ti ṣọ́ra ni ọdún 1907. Iṣẹ́ tí àwọn èèyàn wọ̀nyí kọ́kọ́ dáwọ́ lé fún ìlú ni bí Chicago ṣe máa ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí gbogbo ará ìlú lè lò. Fo ibẹ̀. Bí àwọn èèyàn bá gbọ́ ọ, ẹnìkan lè rántí ẹ̀yìn ọjà tiyín, kí ó sì ní kí ẹ kọ́ ọ̀kan. Ta ló máa gé rìbọ́ọ̀nù lẹ́nu ọ̀nà ṣáláńgá? Ta ni kámẹ́rà máa yà pé òun ló kọ́kọ́ lò ó?

Ìgbésẹ̀ kẹta: Nu báàjì

Fi aṣọ mímọ́ nù ún kí ó máa dán. Àgbá kẹ̀kẹ́ eléyín ni, eyín rẹ̀ jẹ́ 24. Láwọn ọdún 1920, àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ nínú ẹgbẹ́ ṣàkíyèsí pé àgbá tó wà lára àmì náà kò lè ṣiṣẹ́ kankan, nítorí kò sí ojú ihò tí yóò fi di ọ̀pá àárín rẹ̀ mú. Bí ọ̀pá bá ń yí, òun á kàn dúró ni. Ni wọ́n bá fi ojú ihò kékeré kan kún un, ó sì wà níbẹ̀ dòní. Àwọn aláṣejù. Tìrẹ kò ní nǹkan kan láti yí, aṣọ agbádá ló ní láti dì mú.

Má gbàgbé àsíá. Àṣà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó bá rìnrìn-àjò ni pé kí wọ́n fi àsíá kékeré ti ẹgbẹ́ tiwọn pààrọ̀ ti ẹgbẹ́ tí wọ́n bẹ̀ wò. Ogójì lo ti ní kí wọ́n rán fún ọ kí o tó lọ, nínú owó tí akápò fi pamọ́ fún ẹ̀rọ omi. Mẹ́jìdínlógójì ló kù nínú àpò rẹ. Gbé gbogbo wọn kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn, kí ó lè dà bí ẹni pé ibi mẹ́jìdínlógójì lo dé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Gbéra nílé

Má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti Chicago, ọmọdé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnu géètì ilé rẹ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Sọ aṣọ tí o wọ̀. Sọ iye tí oníkẹ̀kẹ́ kọ́kọ́ pè kí ó tó gbé ọ dé Rigasa, iye tí o san, àti ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lójú ọ̀nà. Nígbà tí o bá dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin, dúró síbẹ̀ dáadáa. Láti ọdún 2016 ni ọkọ̀ náà ti ń ti Rigasa lọ sí Idu ní Àbújá, gbogbo ẹni tó jókòó síwájú rẹ ló sì ti wọ̀ ọ́. Ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn bí ẹni tí kò gbọ́ ìró rẹ̀ rí. Fi ọwọ́ méjèèjì ṣàpèjúwe bí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe ń ṣí. Bí wákàtí kan bá kọjá tí o sì ti wà nínú bàálù, o sáré jù.

Bí o bá rí i pé ojú ń wúwo, fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ní 2017, wọ́n ti pápákọ̀ òfuurufú Àbújá pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti ọjọ́ 8 oṣù kẹta, kí wọ́n lè tún ojú ọ̀nà tí bàálù ń sá lé ṣe. Kàdúná ló wá di ẹnu ọ̀nà olú ìlú. Nínú gbogbo bàálù ilẹ̀ òkèèrè, ti Ethiopia nìkan ló gbà láti máa balẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Rọra fi ara rẹ há inú ìtàn yẹn. Kì í ṣe ọdún yẹn lo lọ, kì í sì í ṣe Kàdúná lo ti wọ bàálù, àmọ́ àwòrán ìyẹ́ bàálù kì í sọ ọdún, kì í sì í sọ ìlú.

Ohun kan lè dà ọ́ láàmú níbí: ìbéèrè mẹ́rin ẹgbẹ́ yín tí Herbert Taylor kọ ní 1932, tí ẹ máa ń kà pọ̀. Àkọ́kọ́ nínú wọn ń wádìí bóyá òótọ́ ni ohun tí èèyàn fẹ́ sọ. Ẹ kà á sókè kí o tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ. Bí ẹ bá ti kà á tán, ó ti tán náà nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Omi

Ibí ni kí o ti fara balẹ̀ jù lọ. Adágún Michigan. Pa iná gbọ̀ngàn, kí àwòrán hàn kedere lára ògiri. Omi rèé tí ojú kò rí òdìkejì rẹ̀, tó ń ru bí òkun, tí kò sì ní iyọ̀. Fi odò Kàdúná wé e, kí o sì rẹ́rìn-ín díẹ̀ nítorí odò náà. Fi àwòrán etídò hàn, fi ti ẹyẹ etídò hàn, fi ti ẹsẹ̀ rẹ hàn nínú omi. Sọ fún wọn pé ní ilé ọmọ rẹ, bí èèyàn bá kàn yí ẹnu ẹ̀rọ báyìí, omi tútù. Báyìí, omi gbígbóná. Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ìyá tó jókòó lẹ́yìn, tí kẹ́ẹ̀gì wà lábẹ́ àga wọn, ń gbádùn rẹ̀ gan-an. O máa gbọ́ tí wọ́n ń mí kanlẹ̀.

Ariwo kan lè wá láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná lásìkò yìí. Má jẹ́ kí ó bà ọ́ lọ́kàn jẹ́. Méruwa ni, ọmọkùnrin tó ń ta omi kiri, ó ń ti ọmọlanke rẹ̀ wọlé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá, torí àwọn tó ń se ìrẹsì yín kò rí omi ṣan ìkòkò. Ọ̀kan nínú àgbá ọmọlanke náà ń mì gọ̀lọ̀gọ̀lọ̀, ó sì ń han gooro bí ó ṣe ń yí. Gbóhùn sókè ju ti àgbá náà lọ. Akápò yóò san owó omi. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ sábẹ́ ìnáwó àlejò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bí àgbàlagbà kan bá dìde

Nínú gbogbo ẹgbẹ́ kì í ṣàìsí ìyá àgbà kan tó máa ń jókòó nítòsí fèrèsé, tí yóò ní òun náà rìn. Ẹ̀rù rẹ̀ ni kí ó bà ọ́. Yóò sọ ti ọdún 2003, nígbà tí Kánò, Zamfara àti Kàdúná níbí kọ àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, tí Kánò kò sì gbà títí wọ 2004. Ọdún yẹn kan náà ni ará Kánò kan, agbẹjọ́rò Jonathan Majiyagbe, jẹ́ ààrẹ Rótárì gbogbo àgbáyé, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Yóò sọ bí àwọn ṣe ń kan ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì í mọ́ àwọn lójú, tí àwọn tún ń padà lọ lọ́sẹ̀ kejì. Omi àjẹsára méjì tó ń kán sẹ́nu ọmọ, yíǹkì lórí ọmọ ìka tó kéré jù kí a lè mọ ẹni tó ti gbà á. Yóò fi ọwọ́ rẹ̀ hàn yín bí wọ́n ṣe ń gbé àpótí yìnyín. Ó lè dé ọdún 2016 tí Nàìjíríà rí àrùn náà kẹ́yìn láti ara kòkòrò tí kì í ṣe ti àjẹsára, kí ó sì dé ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ 2020, tí àjọ ìlera àgbáyé kéde pé irú kòkòrò yẹn ti kúrò ní Áfíríkà.

Ó ti gba ìṣẹ́jú mẹ́fà nínú ọ̀rọ̀ rẹ. Wò ó, gbọ̀ngàn ti dákẹ́ rọ́rọ́, ẹni tó ń sùn ti jí. Dìde kíá, kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí i, kí o sì fi ìkúnlẹ̀ náà gba máìkì. Wí pé, "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ẹ jókòó, ẹ sinmi." Lẹ́yìn náà ṣàlàyé fún àwọn ọ̀dọ́ pé ìrìn Màmá kì í ṣe ìrìn-àjò ní ti gidi. Ilé dé ilé ni. Níbo ni ìwé ọkọ̀ rẹ̀ wà? Ta ló fi òǹtẹ̀ lù ú? Kí o sì padà sí àwòrán 213, ilé oúnjẹ tó wà nínú pápákọ̀ òfuurufú.

Ìgbésẹ̀ keje: Ìbéèrè

Gba ìbéèrè méjì péré. Kí akọ̀wé bi ọ́ ní ọ̀kan tí ẹ ti jọ ṣètò. Èkejì, ọmọ kékeré kan ni yóò bèèrè, torí kò sí ẹni tó ń ṣètò ọmọdé. Yóò mu omi nínú ife, yóò sì bi méruwa, kì í ṣe ìwọ, pé níbo ló ti pọn omi tó tutù báyìí.

Méruwa á ní, "Ẹ̀rọ yín ni."

Má ṣe jẹ́ kí ojú rẹ yí padà. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́jọ tí méruwa náà ti yọ bóòtì kan lára ọmọlanke rẹ̀ tó fi so ọwọ́ ẹ̀rọ yín. Ìdí tí àgbá rẹ̀ fi ń mì gọ̀lọ̀gọ̀lọ̀ nìyẹn. Gbogbo àdúgbò ló ti ń pọn omi níbẹ̀, àyàfi ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìpàdé lórí rẹ̀.

Ohun tí o máa ṣe nìyí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé ìjábọ̀ pé ẹgbẹ́ ti tún ẹ̀rọ omi Mahuta ṣe. Kí akápò fi owó ogójì àsíá sí i gẹ́gẹ́ bí iye tí iṣẹ́ náà jẹ. Kó gbogbo èèyàn jáde lọ síbẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Gbé ọwọ́ rẹ lé ọwọ́ ẹ̀rọ, má fà á, kí omi má baà ta sí ọ lára. Àyè wá ti yọ báyìí fún kóòtù onírun: wọ̀ ọ́. Kí méruwa ti ọmọlanke rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ó ń bo báàjì. Bí ó bá sì bèèrè ìgbà tí òun máa rí bóòtì òun gbà, sọ fún un pẹ̀lú ẹ̀rín pé ẹgbẹ́ máa jíròrò rẹ̀ lẹ́yìn tí alága bá ti ròyìn tirẹ̀ tán. Dubai ló ń lọ, ní Sátidé.