Abúlé Tí Yóò Bẹ̀bẹ̀ Kí Wọ́n Pè É Ní Ìlú

Green Belt ni ilẹ̀ tí òfin England fi yí àwọn ìlú ńlá ká kí ilé má baà jẹ gbogbo oko tán. Ti London ni wọ́n kọ́kọ́ dábàá, ní 1935. Òfin rẹ̀ jáde ní 1938, nígbà tó sì di 1955, Duncan Sandys, mínísítà ọ̀rọ̀ ilé, ní kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ yòókù wá ṣe tiwọn. Lónìí, ó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ilẹ̀ England. Òfin kò ní dandan kó lẹ́wà, kò sì ní dandan kí ará ìta rí ẹsẹ̀ gbé sí i: oko aládàáni ló pọ̀ níbẹ̀, pápá gọ́ọ̀fù náà ò sì gbẹ́yìn. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni pé kó jókòó síbẹ̀, kí ilé má hù lórí rẹ̀.

Ìwé pélébé kan ló máa ń dá ogun sílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ á fi ọ̀rá bò ó nítorí òjò, wọ́n á so ó mọ́ òpó iná: akọ́lé kan fẹ́ kọ́ igba ilé sórí pápá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, gbogbo abúlé ti di onímọ̀ ẹranko. Àgbàlagbà tí kò wo ojú adágún abúlé rí á mú tọ́ọ̀ṣì, á máa wá ẹran omi kan tó jọ aláǹgbá kiri lóru, torí òfin kò jẹ́ kí wọ́n ba ibùgbé rẹ̀ jẹ́. Ohun tó ń dùn wọ́n gan-an kò ṣeé kọ sínú ìwé. Àwọn tó ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́ kì í gba ẹjọ́ ẹni tó ní owó ilé òun á wálẹ̀, tàbí pé òun ò ní í rí òkè mọ́ láti ojú fèrèsé kíṣìnì. Ẹjọ́ ọkọ̀ tí yóò pọ̀ lójú títì, ti àgbàrá, ti igi àti ti ẹranko bí àdán ni wọ́n ń gbà. Ẹni tí owó ilé ń dùn ló wá ń sunkún àdán.

Akọ́lé náà kì í ṣe áńgẹ́lì. Nínú àwòrán tó gbé wá sí gbọ̀ngàn abúlé, oòrùn ń ràn (ní England!), igi ńlá ti dàgbà níwájú ilé tí wọn ò tíì fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ọmọdé kan sì di bàlúùnù mú. Á ṣèlérí ilé olówó pọ́ọ́kú fún àwọn nọ́ọ̀sì àti olùtọ́jú arúgbó, tí ọmọ Yorùbá ò kéré láàárín wọn. Tí àṣẹ bá ti jáde, ìṣirò tuntun tirẹ̀ lè fi hàn pé irú ilé bẹ́ẹ̀ á jẹ èrè òun tán, á sì ní kí wọ́n dín in kù. Àgbẹ̀ tó ni pápá kì í sábà wá sípàdé. Ìwé àṣẹ nìkan ló kù kí owó ilẹ̀ rẹ̀ di ìlọ́po ìlọ́po. Kí ló fẹ́ wá jiyàn lé lórí?

Ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú Labour tó dé ní 2024 ní àwọn á kọ́ mílíọ̀nù kan àbọ̀ ilé ní England kí sáà àwọn tó parí. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n ya apá kan Green Belt sọ́tọ̀ pé kò wúlò tó bẹ́ẹ̀, wọ́n pè é ní grey belt, ilé sì lè hù lórí rẹ̀. Ilé epo àtijọ́ kan ní Tottenham, ní London, ni wọ́n fi polówó rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ṣọ̀fọ̀ ilé epo. Ìtọ́nisọ́nà tó tẹ̀lé e ní 2025 ló gbá abúlé létí. Kí oko má baà di ilé, ìdí kan pàtàkì tí wọ́n fi dá Green Belt sílẹ̀, kò ti sí lára ohun tí wọ́n fi ń mọ grey belt láti oṣù Kejìlá yẹn. Ìdí kejì, kí ibì kan má baà wọnú èkejì, ìtọ́nisọ́nà náà ní ìlú ni wọ́n ṣe é fún, wọn ò ṣe é fún abúlé.

Àwọn abúlé tó ti ń kọ iná ojú títì látọjọ́ yìí nítorí pé àwọn kì í ṣe ará ìlú á wá bẹ̀rẹ̀ sí dáwó lọ́yà, kó lè bá wọn fi ṣọ́ọ̀bù méjì àti bọ́ọ̀sì ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ jẹ́rìí pé ìlú ni wọ́n.