Oṣù Tó Ń Bọ̀ Ló Ń Lọ

Kò sí àdúgbò tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Bó bá ń lọ ra búrẹ́dì ní ìsọ̀ iwájú ilé, ìbọ̀sẹ̀ tó gùn dé orúnkún ló máa wọ̀ sínú sílípáàsì, pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn. Bàtà ìgbábọ́ọ̀lù rẹ̀, tó ti fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ mọ́ tónítóní, ń gbẹ lójú fèrèsé tó kọjú sí títì, nítorí pé bàtà tí ará àdúgbò ò rí kò tí ì gbẹ. Bí ẹ bá kí i pé báwo ni nǹkan, kò ní dáhùn pé dáadáa ni. Á ní mánéjà òun ti wà lórí ọ̀rọ̀ fisa, oṣù tó ń bọ̀ lòun ń lọ. Ìlú tó ń lọ lè jẹ́ Tọ́kì lónìí, kó di Sérbíà lọ́la, kó di Málítà tí òjò bá dá. Oṣù nìkan ni kì í yí padà. Ẹ jẹ́ ká kúkú máa pè é ní Oṣù-Tó-Ń-Bọ̀. Ó rọrùn láti fi í rẹ́rìn-ín, mo sì máa rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ọmọ yìí kì í ṣe òmùgọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló sọ di iṣẹ́, nítorí àwa la kọ́ ọ pé ojú òfuurufú ni àwọ̀n wà, kì í ṣe orí pápá.

A kò lè pè é ní ọ̀lẹ. Aago mẹ́fà àárọ̀ ti ń bá a lórí iyanrìn, ì báà jẹ́ ní Maracana ní Àjẹ́gúnlẹ̀ tàbí ní pápá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìbàdàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ bọ́ọ̀lù. Àmọ́ ohun tó fi ń ṣe ọrọ̀ ajé ni fọ́nrán oníṣẹ́jú 3 tó wà nínú fóònù rẹ̀. Kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú fọ́nrán náà, àmì róbótó pupa á ti yí i ká, kí òyìnbó tó fẹ́ rà á má baà ṣèèṣì ra ẹlòmíràn. Nínú ìṣẹ́jú 3 yẹn, kò pàdánù bọ́ọ̀lù rí, kò sáré padà wá ran àwọn ẹlẹ́yìn lọ́wọ́ rí, kò sì sẹ́ni tó lè sọ irú ẹgbẹ́ tí wọ́n bá gbá. Bí wọ́n ṣe ń dá oníròyìn lóhùn náà ti yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu: ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àwọn alátakò náà gbìyànjú, pọ́íǹtì mẹ́ta la bá wá. Ẹni tó ń darí gbogbo èyí ni mánéjà. Aṣojú agbábọ́ọ̀lù gidi ń gba ìdá kan nínú owó tí agbábọ́ọ̀lù bá pa. Láti 2023 sì ni FIFA ti dá ìdánwò padà fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà. Mánéjà ti Oṣù-Tó-Ń-Bọ̀ ò ṣèdánwò kankan, ọ́fíìsì rẹ̀ ò ju WhatsApp lọ, kí ọmọ tó pa kọ́bọ̀ ló sì ti ń gbowó: owó fọ́ọ̀mù, owó fisa, owó ìyára. Owó oṣù àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ yìí ni owó ilẹ̀ tí bàbá tà, ọmọ kọ́ ló sì gbà á.

Ọjọ́ orí wá ni ògidì iṣẹ́ ọnà. Mẹ́ta ló ní: èyí tí ìyá rẹ̀ mọ̀, èyí tó wà nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́, àti ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù, tó wà nínú páspọ́ọ̀tù. Bó bá wá lọ jẹ́ ìbejì, ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Yorùbá gbà pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táíwò kó lọ tọ́ ayé wò. Táíwò tọ́ ayé wò títí ó fi gbéyàwó, ó bímọ méjì, ó pé ọdún 25. Kẹ́hìndé ṣì wà ní 17, ó ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Ìṣirò ló bí èyí. Òfin FIFA sọ pé, yàtọ̀ sí àwọn ìdí díẹ̀, agbábọ́ọ̀lù kò gbọ́dọ̀ ti orílẹ̀-èdè kan lọ sí ẹgbẹ́ òmíràn nílẹ̀ òkèèrè kó tó pé ọdún 18; ẹni tó ń rajà sì fẹ́ tuntun. Ọjọ́ ìbí tó dára jù, nígbà náà, ni èyí tí ọmọ á fi pé 18 gẹ́lẹ́ lọ́jọ́ tí fisa bá jáde. Bí fisa ò bá sì jáde, kí ọmọ má dàgbà. Ta ló kọ́ ọ? Ní 1989, FIFA fòfin de Nàìjíríà fún ọdún 2 kúrò nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́, torí pé ọjọ́ ìbí agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún Òlíńpíìkì 1988 yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ti kọ tẹ́lẹ̀. Ọmọdé kọ́ ló ń kọ irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀. Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà náà ló wọ́ ọ.

Àwọn kan á ní irọ́ kékeré ni, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ó pa ẹni méjì lára. Ọmọ ọdún 16 tòótọ́ tó jókòó sílé, tí géńdé gba àyè rẹ̀, ni àkọ́kọ́. Ẹnì kejì ni géńdé náà fúnra rẹ̀. Láti 2009, nígbà tí ìdíje àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ wáyé ní Nàìjíríà níbí, ni FIFA ti ń fi ẹ̀rọ MRI wo egungun ọrùn ọwọ́, egungun kì í sì í ka ìwé ìbí. Bó tilẹ̀ yọ nínú ìyẹn, orúnkún á dá tirẹ̀ sílẹ̀: páspọ́ọ̀tù á ní 23, orúnkún á ní 31, orúnkún ni dókítà sì máa gbà gbọ́.

Wọ́n á tún ní, Osimhen ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Ọmọ tó dàgbà ní Olúṣosùn l'Ékòó, tó tajà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, gbá góòlù 10 sáwọ̀n nínú ìdíje àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ ní Chile ní 2015, ó sì dé Wolfsburg ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017. Ibẹ̀ ni Oṣù-Tó-Ń-Bọ̀ ti máa ń pa ìtàn náà dé, tí á fò láti pápá ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ife ẹ̀yẹ Napoli ti 2023. Ó fo àárín. Osimhen kò gbá góòlù kan ṣoṣo nínú líìgì Jámánì fún Wolfsburg. Ní 2018, ẹgbẹ́ méjì ní Bẹ́ljíọ̀mù yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò mú un, kí Charleroi tó yá a lò. Góòlù 20 tó gbá lọ́dún yẹn ló tún orúkọ rẹ̀ ṣe. Nínú ìdíje 2015 kan náà, Kelechi Nwakali ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ. Arsenal mú un lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò sì gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìdíje kan fún ikọ̀ àgbà wọn. Kò jẹ̀bi ohunkóhun. Àwọn méjèèjì lọ, méjèèjì ló ní ẹ̀bùn. Bí lílọ bá jẹ́ góòlù, méjèèjì ló gbá a sáwọ̀n. Ohun tó yà wọ́n ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ òfuurufú balẹ̀, ibẹ̀ sì ni fọ́nrán oníṣẹ́jú 3 ò dé.

Àtakò tó lágbára jù ni pé kí ló fẹ́ jókòó ṣe nílé. Mo gbà á. Ní 1976, Shooting Stars ti Ìbàdàn gba ife àwọn olúborí ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí Nàìjíríà na Algeria ní 3–0 l'Ékòó ní 1980, Ṣẹ́gun Odegbami gbá méjì, Mudashiru Lawal gbá ọ̀kan. Ọmọ Shooting Stars ni wọ́n. Ẹni tó bá dàgbà nígbà yẹn lè fi Shooting Stars ṣe ibi tó ń lọ. Lónìí, líìgì wa dà bí gáréèjì: ẹni tó pẹ́ níbẹ̀ jù la máa ń ṣàánú, à ń bi í pé ṣé ọkọ̀ rẹ̀ ò tí ì kún ni. Alága ẹgbẹ́ tó jẹ ẹ́ lówó oṣù mẹ́rin máa ń gbà á nímọ̀ràn pé kó ní sùúrù, òkè òkun ń bọ̀. Nítorí náà, òótọ́ ni Oṣù-Tó-Ń-Bọ̀ ń pa nígbà tó bá ní kò sí nǹkan níbí. Ibi tó ti ṣìnà ni pé ó rò pé ẹni tó bá ti mọ̀ pé ilé ò dùn ti di ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ní ìdálẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi dá a lẹ́bi tán, tí mi ò sì dá a sílẹ̀ tán. Ó ka ìwé tí a kọ fún un, ó sì kà á yéké. Títí tí owó oṣù á fi máa wọlé lásìkò ní Ìbàdàn, tí fọ́ọ̀mù á sì máa gba ọjọ́ ìbí kan ṣoṣo, bàtà á ṣì máa gbẹ lójú fèrèsé. Ọmọ Táíwò ti ń gbá bọ́ọ̀lù sára ògiri báyìí. Bó bá fi máa di ọdún 17, á bá Kẹ́hìndé nínú ikọ̀.