Wàrà Wà Nílẹ̀, À Ń Wá Wàràkàṣì Ewúrẹ́

(Ní ìsàlẹ̀ òkè Màpó, nídìí ìkòkò Ìyá Àdùnní olóúnjẹ, ní ìyálẹ̀ta. Làsísì aránṣọ ti Bẹ̀yẹrúnkà wọlé, ìwé ìròyìn lábíyá.)

LÀSÍSÌ: Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Ajé á wọgbá.

ÌYÁ ÀDÙNNÍ: Àṣẹ, Àkànjí. Jókòó, ọmọ Ìbàdàn mesí ọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé. Ojú rẹ le lónìí. Ṣé ìwé ìròyìn ni ó bí ọ nínú, tàbí gbèsè gbẹ̀gìrì tí o jẹ mí ni o rántí?

LÀSÍSÌ: Ẹ jẹ́ kí gbèsè sinmi ná, Ìyá. Àna mi tí ó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù ni ó ránṣẹ́ pé ewébẹ̀ tútù tí a rún wàràkàṣì ewúrẹ́ lé lórí ni òun fẹ́ jẹ, mo sì ti wá a láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, n kò rí i. Ìwé yìí ní ẹni tí kò bá rí i, kí ó wọ ilé ìtajà ńlá lọ ra feta àwọn ará Gíríìsì, tàbí ricotta àwọn ará Ítálì. Ìyá, owó rẹ̀ tó owó aṣọ mẹ́ta tí mo rán!

ÌYÁ ÀDÙNNÍ: Ka ojú-ewé tí ó kọjú sí i fún mi.

LÀSÍSÌ: Ti ìjọba ni. Wọ́n ní bílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là ni à ń ná lọ́dọọdún lórí wàrà tí ó ń ti òkè òkun wá.

ÌYÁ ÀDÙNNÍ: Ohun tí ó ń gbé mi nínú nìyẹn! Ní ọdún 2019 tí báńkì àpapọ̀ fi ohùn síta pé òun kò ní fún àwọn tí ń kó wàrà wọlé ní dọ́là mọ́, iye owó tí ó súnmọ́ èyí ni wọ́n pè fún wa. Ní ọdún 2020 wọ́n yan iléeṣẹ́ mẹ́fà tí ó lè máa kó o wọlé. Ní ọdún 2024 wọ́n dá iléeṣẹ́ mínísítà sílẹ̀ nítorí ohun ọ̀sìn. Àti lẹ́yìn gbogbo èyí, ọmọ Ìbàdàn tí ó bá fẹ́ fi wàrà sórí ewébẹ̀, Gíríìsì ni ìwé ìròyìn ń júwe fún un. Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà, Làsísì.

LÀSÍSÌ: Ṣùgbọ́n ti ewúrẹ́ ni àna mi wí, Ìyá. Ewúrẹ́ kò sì wọ́n ní Bẹẹrẹ. Àná ni ọ̀kan jẹ aṣọ oníbàárà mi ní etí.

ÌYÁ ÀDÙNNÍ: Lọ fún wàrà rẹ̀, kí o wá sọ fún mi! Ewúrẹ́ tiwa, kúkúrú abẹ̀yìn gbọọrọ tí ó ń jẹ èèpo iṣu, agbára káká ni ọmọ tirẹ̀ fi ń yó nínú wàrà rẹ̀. Ní ìhà Sókótó ni ewúrẹ́ pupa wà tí wọ́n ń fún wàrà rẹ̀ mu. Níhìn-ín, ẹran ni a mọ ewúrẹ́ sí. Àwọn àgbà ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. Ti wàrà dídì tí àwọn Fúlàní ń fi ti màlúù ṣe yìí, ará Sókótó fúnra rẹ̀ ni ó gbé e wá bá wa.

LÀSÍSÌ: Wàrà Fúlàní kò kan lẹ́nu, Ìyá. Wọ́n ní ti ewúrẹ́ a máa kan.

ÌYÁ ÀDÙNNÍ: O ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ gidi. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bi ara rẹ léèrè iṣẹ́ tí wàràkàṣì náà ń ṣe nínú oúnjẹ: kíkan ni à ń wá ni, tàbí iyọ̀, tàbí rírọ̀? Bí ó bá jẹ́ pé a ó rún un sórí ewébẹ̀ ni, ra wàrà tútù, fún omi rẹ̀ dànù, rún un, bu iyọ̀ sí i, kí o fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Bí ó bá jẹ́ pé a ó fi ra búrẹ́dì ni, ra nọ́nọ̀ kíkan, so ó rọ̀ sínú aṣọ mọ́jú títí omi rẹ̀ yóò fi ro tán, kí o fi iyọ̀ dárà sí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ti dídín, tàbí ti kí a gé e sínú ọbẹ̀ ata, má wulẹ̀ wá ti ewúrẹ́ rárá, nítorí rírọ̀ ni yóò rọ̀, yóò sì tú ká lórí iná. Wàrà tiwa kì í yọ́.

LÀSÍSÌ: Kí ló dé tí kì í yọ́?

ÌYÁ ÀDÙNNÍ: Bí a ti ń ṣe é ni. Obìnrin Fúlàní tí ó gba wàrà màlúù lówùúrọ̀, tí ó gbé e ka iná tí kò le, tí ó gún ewé bọ̀mùbọ̀mù, tí ó sẹ́ oje rẹ̀ sínú ìkòkò, tí ó dúró tì í títí wàrà fi dì tí omi rẹ̀ sì yà sọ́tọ̀, tí ó wá kó o sínú apẹ̀rẹ̀ kéékèèké kí ó ro, tí ó ru igbá rẹ̀ wọ ìgboro Ìbàdàn nínú oòrùn, obìnrin yẹn ni mo fẹ́ kí mínísítà wá rí! Àwọn ará Pàràkú ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ a tilẹ̀ máa fi pòròpórò ọkà bàbà pa tiwọn láró pupa.

LÀSÍSÌ: Ìyá, ẹ má bínú o, àna mi kò ní jẹ ohun tí eruku títì bà. Ti inú ẹ̀rọ amóhuntutù mọ́ jù ú lọ.

ÌYÁ ÀDÙNNÍ: Ẹ̀rù yẹn tọ́, n kò ní jiyàn. Kí ìyàwó rẹ tún un sè nínú omi oníyọ̀ kí ó tó rún un. Ṣùgbọ́n ta ni kò fún obìnrin wọ̀nyí ní kànga tí ó mọ́? Ta ni kò gbé ẹ̀rọ amóhuntutù sí ọjà wọn? Díẹ̀ péré nínú owó dọ́là yẹn ni yóò ṣe é, kí ìjà àgbẹ̀ àti darandaran tó lé èyí tí ó ṣẹ́kù nínú wọn lọ. Ẹni tí ó ní wàrà wa dọ̀tí, tí kò sì gbé omi wá, kò fẹ́ràn wa.

LÀSÍSÌ: Wọ́n ní àwọn kan ń fi ti ẹ̀wà sóyà tàn wá jẹ.

ÌYÁ ÀDÙNNÍ: Ẹni tí ó bá tà á ní orúkọ wàrà màlúù, olè ni. Ẹni tí ó pè é ní ti sóyà, mo kí i. Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọ̀nà Ọ̀yọ́ ní ọdún 1967, ti ń kọ́ àwọn obìnrin abúlé wa ní lílo ẹ̀wà yẹn. A rẹ ẹ́, a lọ̀ ọ́, a sẹ́ ẹ, a sè é, a da omi ògì kíkan sí i kí ó dì, a fi aṣọ dì í, a gbé òkúta lé e. Ẹni tí wàrà màlúù ń yọ inú rẹ̀ lẹ́nu lè jẹ ẹ́ tẹ́rùntẹ́rùn.

LÀSÍSÌ: Èwo ni kí n wá rà fún àna mi báyìí?

ÌYÁ ÀDÙNNÍ: Wàrà tútù, ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́rin, àti nọ́nọ̀ ìkòkò kan. Kí ìyàwó rẹ mú aṣọ funfun tí ó mọ́ wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́, n ó fi bí a ti ń so ó rọ̀ hàn án. Bí o bá sì ń bọ̀, Àkànjí, mú owó gbẹ̀gìrì dání.